Ilé-Iṣẹ́ Pé Ọgọ́ta Ọdún: Ta Ni Ó Yẹ Ká Kí?

 

Ní ìpàdé ẹ̀ka wa kan tí kò tíì pẹ́, ọ̀rọ̀ kan jáde tí mo rí i pé kò yẹ kó parí síbẹ̀. A ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí, ni mo bá dárúkọ Vitafoam. Mo ní ilé-iṣẹ́ náà pé ọgọ́ta ọdún ní 2022, àti pé ó yẹ kí ìwé ìròyìn wa yìí ti kí wọn, nítorí kò sí ilé kan ní Ìwó tí fọ́ọ̀mù tàbí bẹ́ẹ̀dì wọn kò wọ̀ rí. Bí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni arákùnrin kan dìde, ó ní: "Bọ̀dá, kí ló kan òṣìṣẹ́ nínú ọjọ́ ìbí ọ̀gá? Ṣé àwa náà jẹ nínú rẹ̀ ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn pàtẹ́wọ́. Alága ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú. Èmi kò fi í sílẹ̀. Ìdáhùn mi nìyí.

BẸ́Ẹ̀DÌ ÌYÁ MI

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìlú Ìwó níbí, bẹ́ẹ̀dì onírin kan wà ní yàrá ìyá mi. Ó ní sípíríǹgì lábẹ́, ó ní irin tí wọ́n tẹ̀ sí ibi orí àti ibi ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pè é ní bẹ́ẹ̀dì lásán. "Vono" ni gbogbo wa ń pè é. Bí ẹnì kan bá ní òun ti ra Vono, àwọn aládùúgbò mọ̀ pé ó ti ń rọwọ́ mú. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ti di orúkọ ohun tí wọ́n ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí Maggi ti di orúkọ gbogbo èròjà ọbẹ̀ oníhóró.

Ṣáájú ìgbà náà, orí ẹní ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ń sùn. Ẹni tó bá rí jájẹ ló ń ní tìmùtìmù tí wọ́n fi òwú tàbí koríko kún inú rẹ̀. Koríko a máa gún ni lára, òwú a máa dì bí òkúta, ìdun a sì máa bí sí i bí ẹni tí a fún ní ilé. Nígbà tí fọ́ọ̀mù dé, ìtura ńlá ni. Ìyàwó tuntun ń gbé e lọ sílé ọkọ. Ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń sùn ń ká a, ó ń fi okùn dì í, ó ń gbé e rù.

Ẹ̀yin dírẹ́bà wa, ẹ̀yin lẹ gbé e dé ibí. Orí ọkọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́, láti Ìkẹjà dé Ìbàdàn, láti Ìwó Road dé gáréèjì wa níhìn-ín. Mo rántí pé bí òjò bá ti ṣú, ohun tí dírẹ́bà kọ́kọ́ ń wá ni tapólì. Kì í ṣe nítorí èrò o, nítorí fọ́ọ̀mù ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ilé-iṣẹ́ yìí kò kan àwa ará Ìwó, kó lọ bi ẹ̀yìn rẹ̀ léèrè ohun tó ti ń sùn lé.

IBI TÍ WỌ́N TI BẸ̀RẸ̀

Ọdún 1962 ni wọ́n fi orúkọ Vitafoam Nigeria sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ọdún méjì péré lẹ́yìn òmìnira. Ìkẹjà ni wọ́n tẹ̀dó sí. Àwọn òyìnbó British Vita láti ìhà Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba ológun ṣe òfin ní 1972, wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1977, pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ àjèjì. Ní 1978, Vitafoam bọ́ sí ọjà ìpín-ìdókòwò ní Èkó, tó fi jẹ́ pé tíṣà àti akọ̀wé lè ra ìpín nínú rẹ̀.

Vono náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ó ṣe bẹ́ẹ̀dì àti àga fún ọ̀pọ̀ ọdún lórílẹ̀-èdè yìí, ó dojú kọ ìnira, lẹ́yìn 2010 ni Vitafoam sì gbà á mọ́ra. Wọ́n kò sọ orúkọ náà nù. Vono Furniture Products ni wọ́n ń pè é. Báyìí ni bẹ́ẹ̀dì ìyá mi àti fọ́ọ̀mù tó wà lórí rẹ̀ ṣe di ọmọ ilé kan náà.

Ẹ má gbàgbé pé ọdún 1978 yẹn kan náà ni wọ́n tún àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tò sí méjìlélógójì, tí wọ́n dá NLC sílẹ̀, tí Hassan Sunmonu di ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ awakọ̀, NURTW, bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí àwọn olówó ra ìpín tiwọn ni àwa náà kó ara wa jọ. Ìpín tiwa nìyẹn.

PÍPẸ́ KÌ Í ṢE OHUN KÉKERÉ

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé aṣojú òṣìṣẹ́ ti ń yin ọ̀gá. Ẹ fara balẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀, ibo ni táyà tí ẹ ń lò lónìí ti ń wá? Nígbà kan, Michelin ń ṣe táyà ní Port Harcourt, Dunlop ń ṣe é ní Ìkẹjà. Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pa ní 2007. Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Kàdúná, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ níbẹ̀. Kaduna Textiles kógbá wọlé ní 2002, UNTL tẹ̀ lé e ní 2007. Ìbàdàn tó wà nítòsí wa yìí, àwọn àgbà dírẹ́bà lè sọ fún yín nípa ọkọ̀ Leyland tí wọ́n ń tò pọ̀ níbẹ̀.

Gbogbo ibi wọ̀nyí ló ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n ní aṣojú bíi tèmi, wọ́n sì ní ẹ̀hónú bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fi àgádágodo kọ́ ẹnu ọ̀nà, kò sí máníjà tí a lè bá jókòó mọ́. Ilẹ̀kùn tí a tì pa kì í san owó oṣù, kì í san owó ìfẹ̀yìntì, kò sì sí bí a ṣe lè yanṣẹ́ lódì sí i. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá la ogun abẹ́lé já, tó la ìgbà ológun já, tó la àìsí iná já, tó sì tún la June 2023 já nígbà tí náírà já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú dọ́là, ó yẹ ká kí i. Púpọ̀ nínú oògùn tí wọ́n fi ń ṣe fọ́ọ̀mù, òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Ẹni tó bá ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀, a kò ní sọ pé kò gbìyànjú.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi ni pé: ta gan-an ló dúró? Ṣé ògiri ni? Ṣé pátákó ẹnu ọ̀nà ni?

ẸNI TÓ RU Ẹ̀RÙ NÁÀ

Fọ́ọ̀mù kì í hù lórí igi. Oògùn olómi méjì ni wọ́n ń pò pọ̀, ọ̀kan ń jẹ́ polyol, èkejì ń jẹ́ TDI. Wọ́n á fi omi díẹ̀ àti àwọn èròjà mìíràn sí i. Kó tó pẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí a ti po ìwúkàrà mọ́, yóò ga, yóò sì le díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di odindi ńlá tí wọ́n ó fi ẹ̀rọ gé sí wẹ́wẹ́. Ooru inú odindi náà pọ̀. Bí wọ́n bá kó o jọ mọ́ra kó tó tutù, iná lè ti inú rẹ̀ sọ láìsí ẹni tó ṣá ìṣáná. TDI ní tirẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́, bó gbóòórùn rẹ̀ díẹ̀ báyìí, àyà rẹ̀ yóò há, ikọ́ fée yóò sì mú un. Ìdí nìyí tí ibojú tó péye, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ dáadáa àti àyẹ̀wò dókítà kì í fi í ṣe àánú. Ara iṣẹ́ náà ni wọ́n jẹ́.

Ní ìhà pákó, ẹ̀yin káfíńtà mọ̀ ọ́n. Eruku ìrókò a máa mú ni sín, a máa mú ara yún. Ayùn ẹ̀rọ kò mọ ọ̀rẹ́.

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́ lẹ́yìn tí mo jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ àga kan lọ́sàn-án, mo ń lọ sí ilé-ìwé alẹ́. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Kì í ṣe Vitafoam, kì í ṣe Vono. Ẹ̀rọ ìfági ibẹ̀ ló gé orí ìka mi kan dànù. Ìbòrí ẹ̀rọ náà ti wà nílẹ̀ ní igun fún oṣù mẹ́ta kí ó tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ó ń dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n fún mi ní owó oògùn àti ọjọ́ mẹ́rin pé kí n fi sinmi, wọ́n sì yọ owó ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà nínú owó oṣù mi.

Ọdún kejì rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ta àgọ́, wọ́n pe onílù, wọ́n gbé àwọn ènìyàn pàtàkì jókòó níwájú. Wọ́n fún àwa òṣìṣẹ́ ní jọ̀lọ́ọ̀fù nínú ike àti aago ògiri kọ̀ọ̀kan tí àwòrán ọ̀gá wà lójú rẹ̀. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó kọ́ mi bí a ṣe ń gbẹ́ ihò tí a ń ti pákó bọ pákó láìlo ìṣó. Ọdún méjìlélógún ló ti lò níbẹ̀. Aago kan náà lòun náà gbà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn àjọyọ̀, iṣẹ́ kò yá mọ́, wọ́n ní kí Bàbá máa lọ sílé. Ó béèrè owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n ní kásúà ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ọdún méjìlélógún, wọ́n ní òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni! Bàbá fi aago náà sábẹ́ abíyá, ó ń lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pinnu pé n óò di ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Aago tèmi ṣì wà nílé. Ó ti pẹ́ tó ti dúró.

Nítorí náà, mo mọ ohun tí arákùnrin wa ń sọ ní ìpàdé yẹn. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó gbà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni n kò bá a gbà síbẹ̀. Ó ní nítorí pé wọn kò ka òṣìṣẹ́ sí nídìí ọdún, kí òṣìṣẹ́ má bá wọn ṣọdún. Èmi ní kí òṣìṣẹ́ dúró gbọn-in, kó sọ pé ọdún náà, tèmi ni.

ORÚKỌ TA NI WỌ́N KỌ SÍLẸ̀?

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ àga kan wà ní ilẹ̀ Jámánì tó ń jẹ́ Thonet. Michael Thonet bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1819, ó sì pé igba ọdún ní 2019. Ọkùnrin náà mọ bí a ṣe ń fi ooru omi gbígbóná rọ igi kó lè tẹ̀ láìṣẹ́. Ní 1859 ni wọ́n gbé àga kan jáde tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 14. Igi mẹ́fà, ìdè onígbògbó mẹ́wàá àti nọ́ọ̀tì méjì ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá tú u palẹ̀, mẹ́rìndínlógójì a wọ inú àpótí kan tí kò ju mítà kan lọ ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹrù sọ́kọ̀, ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Nítorí pé ó rọrùn láti kó ló ṣe dé gbogbo ayé.

Lónìí, gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa àga mọ Thonet. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń fi ọwọ́ hun ìjókòó àga náà nílé-iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ọkùnrin tó ń fi agbára tẹ igi gbígbóná yí irin ká ńkọ́? Ta ló mọ orúkọ wọn? Igba ọdún, orúkọ ẹnì kan. Ohun tí mo ń sọ nìyẹn.

BÍ A ṢE Ń ṢE ỌDÚN TÓ NÍYÌ

Bí ilé-iṣẹ́ tó ti pẹ́ bá fẹ́ ṣọdún, yálà ti fọ́ọ̀mù ni o, ti àga ni o, ti búrẹ́dì ni o, ohun tí èmi rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé síwájú wọn nìyí:

Èkínní, kí wọ́n kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sára ògiri. Gbogbo ẹni tó bá ti lo ogún ọdún, àti gbogbo ẹni tó kú tàbí tó farapa sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀dà àti pátákó kò wọ́n ju àgọ́ àti onílù lọ.

Èkejì, kí wọ́n tó gé àkàrà òyìnbó, kí wọ́n yẹ ìwé wò. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ yìí ní kí oṣù mẹ́ta tó kọjá, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ kan láti ọdún pípẹ́, kí wọ́n má pè é ní kásúà mọ́.

Ẹ̀kẹta, owó ìfẹ̀yìntì. Òfin 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ san mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ san mẹ́jọ. Kí aṣojú kọ̀ọ̀kan béèrè bóyá owó tí wọ́n yọ ń dé ibi tó yẹ kó dé. Owó tí wọ́n yọ tí kò dé ibẹ̀, olè ni wọ́n jà.

Ẹ̀kẹrin, ara wa. Òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù fún NSITF, kí ẹni tó bá farapa lè rí ìtọ́jú àti owó gbà. Kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ ti inú owó òṣìṣẹ́ jáde. Òfin ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ sì ní kí ẹ̀rọ tó léwu ní ìbòrí. Bí ìbòrí bá wà nílẹ̀ ní igun, má tan ẹ̀rọ náà. Ẹ wo ìka mi.

Ẹ̀karùn-ún, owó oṣù. Ní 1981, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì NLC, owó oṣù tó kéré jù di 125 náírà. Ní 2024 ó di 70,000. Nọ́ńbà náà dàgbà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ọjà lónìí, ẹ béèrè iye tí fọ́ọ̀mù tọkọtaya kan jẹ́, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹni tó ń ṣe é lè rà á láìjẹ gbèsè. Bí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì bá ń sùn sílẹ̀, ọdún náà kò tíì pé.

ÀWA NÁÀ Ń KỌ́?

N kò ní parí láìsọ tiwa, nítorí ẹni tó bá ń na ìka sí ọ̀gá, kó rántí pé ìka yòókù kọjú sí òun. Àwọn àga tuntun tí ẹ̀ka wa rà fún ọ́fíìsì, inú kọ̀ntéénà ni wọ́n ti bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti wá. Èmi náà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i, nítorí owó rẹ̀ dínkù. Méjì nínú wọn ti ń mì. Bẹ́ẹ̀ káfíńtà wà ní Ìwó yìí tó ń fi ìrókò àti apá ṣe àga tí ọmọ-ọmọ ẹni yóò jókòó lé. A ń sunkún pé ilé-iṣẹ́ ń kú, a sì ń fi owó ẹgbẹ́ ra pósí fún wọn. Mo dábàá pé nígbà mìíràn tí a bá fẹ́ ra àga, kí a ra èyí tí wọ́n ṣe nílé, kí a sì béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn tó ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ilé-iṣẹ́, ẹ má sùn sẹ́nu iṣẹ́, ẹ má sì kó ọjà ilé-iṣẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ di ẹrù yín dáadáa. Ohun tí a bá fẹ́ kó gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ wa, a kì í fi ọwọ́ ara wa bà á jẹ́.

Nítorí náà, sí arákùnrin mi tó béèrè ohun tó kàn wá: ọdún ọgọ́ta tí Vitafoam pé ní 2022, mo kí wọn kú oríire, n kò sì tijú láti kí wọn. Mo kí àwọn tó dá a sílẹ̀ àti àwọn tó ń darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ kí ẹni tó po oògùn, ẹni tó gé fọ́ọ̀mù, ẹni tó jó irin Vono pọ̀, ẹni tó rán aṣọ rẹ̀, ẹni tó gbé e sórí ọkọ̀, àti dírẹ́bà tó wa ọkọ̀ náà lójú òru kí fọ́ọ̀mù lè dé Ìwó láìtutù. Ọdún wọn ni. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ta àgọ́ láì pè wọ́n jókòó, ká wọlé, ká fa àga, ká jókòó. Àwa la ṣe àga náà.

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ jẹ́ ká rìn pọ̀.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!

Aṣojú Òṣìṣẹ́, Ẹ̀ka Ìwó